Nígbà Tí Ọ̀pá Wi-Fi Kò Bá Sọ Òótọ́ Lórí Linux

Àmì Wi-Fi tó wà ní igun ojú kọ̀ǹpútà Linux kò wọn ohunkóhun fúnra rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá sọ fún un ló ń yà sójú. Káàdì Wi-Fi ló ń gbọ́ ìgbì; driver ló ń sọ ohun tí káàdì gbọ́ di nọ́ńbà; kernel á gba nọ́ńbà náà, á gbé e fún NetworkManager; NetworkManager á sọ ọ́ di ìdá nínú ọgọ́rùn-ún; applet, ìyẹn sọ́fítíwíà kékeré tó ni àmì igun yẹn, ni yóò wá sọ ìdá yẹn di ọ̀pá mẹ́rin tí ẹ ń wò. Ọwọ́ márùn-ún ni nọ́ńbà kan ń gbà kọjá kó tó dé iwájú yín, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì lè yí i padà. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn tí èèyàn á jókòó ti ráútà tí ọ̀pá á jẹ́ méjì péré, tí ẹlòmíràn á sì ní ọ̀pá mẹ́rin gbáko tí ojú-ewé kan ṣoṣo kò ní ṣí fún un.

Mo fẹ́ kí ẹ ka orí yìí kí ẹ tó ná owó. Ọ̀pọ̀ èèyàn, bí wọ́n bá ti rí i tí ọ̀pá dín kù, ráútà tuntun ni wọ́n ń lọ rà. Àwọn mìíràn á ra káàdì USB. Àwọn mìíràn á ní Linux ni kò dáa, wọ́n á pa á rẹ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà wọn. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ ìṣirò lásán ló dín ọ̀pá kù, kí ìgbì fúnra rẹ̀ má ní àléébù kankan. Ohun tó yẹ ní ṣíṣe ni pé ká tọpa nọ́ńbà náà láti orísun rẹ̀, ká mọ ọwọ́ tó ti yí padà, ká tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ohun tí applet ń ṣe gan-an

nm-applet ni orúkọ èyí tí àwọn tó ń lo Xfce tàbí MATE sábà máa ń rí. GNOME ní tirẹ̀ nínú GNOME Shell. KDE ní plasma-nm. Cinnamon, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo Linux Mint mọ̀, ní tirẹ̀ pẹ̀lú. Ojú wọn yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ẹnì kan náà ni gbogbo wọn ń bi léèrè. Òun ni NetworkManager, sọ́fítíwíà tí ilé-iṣẹ́ Red Hat dá sílẹ̀ ní 2004 láti máa bójú tó ìsopọ̀ nẹ́tíwọ̀kì lórí Linux. Orí D-Bus, ọ̀nà tí àwọn sọ́fítíwíà Linux fi ń ránṣẹ́ síra wọn, ni wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Applet á béèrè bí ráútà kan ṣe lágbára tó, NetworkManager á sì fi nọ́ńbà kan ṣoṣo dá a lóhùn, láti 0 dé 100. Kò sí ohun mìíràn nínú ìdáhùn náà. Kò sọ bí ariwo ṣe pọ̀ tó lójú ọ̀nà, kò sọ bóyá íntánẹ́ẹ̀tì wà lẹ́yìn ráútà, kò sì sọ iye ìgbà tí kọ̀ǹpútà yín ti fi nǹkan ránṣẹ́ tí kò dé.

nm-applet á wá pín nọ́ńbà yẹn sí ọ̀nà márùn-ún. Bó bá ju 80 lọ, ọ̀pá mẹ́rin. Bó bá ju 55 lọ, mẹ́ta. Bó bá ju 30 lọ, méjì. Bó bá ju 5 lọ, ọ̀kan. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, òfìfo. Ẹ wá wò ó: ẹni tó wà ní 81 ní ọ̀pá mẹ́rin, ẹni tó wà ní 80 ní mẹ́ta, kò sì sí ìyàtọ̀ kankan tí àwọn méjèèjì lè fura sí nínú iṣẹ́ wọn. Ẹni tó wà ní 56 àti ẹni tó wà ní 80, ọ̀pá mẹ́ta kan náà ni wọ́n ń wò, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ àárín wọn pọ̀ gan-an. Nítorí náà, bí ọ̀pá yín bá ń lọ sí mẹ́ta tó tún ń padà sí mẹ́rin láìjẹ́ pé ẹ kúrò lójú kan, kò sí ohun tó bàjẹ́. Orí ààlà lẹ wà.

Àwọn desktop yòókù ní ibi tí tiwọn ti ń pín in, nítorí náà ẹ má ṣe fi ọ̀pá orí GNOME wé ọ̀pá orí Xfce, ẹ má sì fi èyíkéyìí nínú wọn wé ọ̀pá orí fóònù yín. Ẹ gbé ọfà mouse sórí àmì nm-applet, kí ẹ má tẹ̀ ẹ́. Á kọ orúkọ nẹ́tíwọ̀kì tí ẹ wà lórí rẹ̀ àti ìdá rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Láti òní lọ, ìdá yẹn ni kí ẹ máa wò, ẹ fi ọ̀pá sílẹ̀.

Nọ́ńbà tó wà nídìí gbogbo rẹ̀

dBm ni wọ́n fi ń wọn agbára ìgbì rédíò. Mìlíwáàtì kan ni ìpìlẹ̀ rẹ̀: 0 dBm ni mìlíwáàtì 1. Kí ìgbì tó kúrò lára ráútà tó dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà, ó ti rẹ̀ ẹ́ púpọ̀, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà náà fi máa ń ní àmì àyọkúrò níwájú. -30 dBm jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlíwáàtì kan. -60 jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù. -90 jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù. Bí nọ́ńbà bá fi 3 lọ sílẹ̀, agbára ìgbì ti dín sí ìdajì. Bó bá fi 10 lọ sílẹ̀, ó ti di ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹni tí kò bá mọ èyí á rò pé -60 àti -70 sún mọ́ra. Ìlọ́po mẹ́wàá ló wà láàárín wọn.

Lẹ́nu iṣẹ́, báyìí ni kí ẹ máa kà á. Láti -30 dé -50, ẹ wà nítòsí ráútà, kò sí ohun tí ẹ ń wá mọ́. Títí dé -67, ẹ lè ṣe ìpàdé orí fídíò láìsí ìdíwọ́. Nọ́ńbà yẹn ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣètò Wi-Fi fún ọ́fíìsì fi ń ṣe ààlà fún ohùn àti fídíò. Ní -70 sí -75, ẹ ṣì lè ka ìròyìn kí ẹ sì fi ímeèlì ránṣẹ́. Ní -80, á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ní -90, orúkọ nẹ́tíwọ̀kì nìkan lẹ óò máa rí, ẹ ò ní lè lò ó.

Ẹ kíyè sí i pé ìgbì lè fi ìlọ́po ọgọ́rùn-ún dín kù, láti -45 sí -65, kí ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn lórí kọ̀ǹpútà má mọ̀. Wi-Fi lè gbọ́ ohùn tó kéré púpọ̀. Fún ìdí yìí, kò sí ọ̀nà kan tó tọ̀nà pátápátá láti sọ dBm di ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá kọ sọ́fítíwíà ló máa pinnu ibi tí 100 wà àti ibi tí 0 wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú.

Kóńgò méjì nínú ìsọ̀ kan

Ibí ni mo fẹ́ ká dúró sí pẹ́, nítorí ibí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn tí wọ́n ń fi kan applet ti ń wá, tí applet kò sì mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀dà NetworkManager, ọ̀nà méjì ló ń gbà sọ dBm di ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀kan wà fún àwọn nẹ́tíwọ̀kì inú àtòjọ, èyí tí wpa_supplicant, sọ́fítíwíà tó ń wá Wi-Fi kiri, bá a wá rí láyìíká. Níbẹ̀, -40 tàbí ohun tó bá lágbára jù ú lọ ni 100, -100 ni 0. Èkejì wà fún nẹ́tíwọ̀kì tí ẹ ti wọlé sí, èyí tí NetworkManager ń bi kernel léèrè ní tààrà ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà-mẹ́fà. Níbẹ̀, -20 ni 100, -90 ni 30, kò sì ní lọ sísàlẹ̀ ju 30 lọ láéláé. Ìyá oníràìsì tó ní kóńgò méjì tí kò tóbi bákan náà nínú ìsọ̀ kan ni: àpò kan náà ni ìrẹsì ti wá, ṣùgbọ́n iye kóńgò tí ẹ máa kà níbẹ̀ kò lè dọ́gba.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò náà. Ká ní ìgbì tó ń dé ọ̀dọ̀ yín jẹ́ -50 dBm, tó dára gan-an. Nínú àtòjọ, kí ẹ tó wọlé, 84 ni NetworkManager á pè é, applet á sì gbé ọ̀pá mẹ́rin síwájú rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fi password sí i, ẹ wọlé. Ìgbì kò yí padà, ẹ ò dìde lórí àga, ṣùgbọ́n 70 ni nọ́ńbà ti dà, ọ̀pá sì ti di mẹ́ta. Ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí á búra pé wíwọlé tí òun wọlé ló mú ìgbì rẹ̀wẹ̀sì, tàbí pé driver òun ti bàjẹ́. Kò sí èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú méjèèjì.

Lórí ìsopọ̀ tí ẹ ti wọlé sí, ìṣirò rẹ̀ rọrùn láti fi orí ṣe: ẹ fi 120 kún dBm. -50 á di 70, -62 á di 58, -75 á di 45. Ẹ há a sórí, nítorí òun la máa fi dá ẹjọ́ níwájú. Láti inú ìṣirò yìí lẹ óò ti rí i pé kí ọ̀pá mẹ́rin tó lè wà lórí nm-applet lẹ́yìn tí ẹ ti wọlé, ìgbì gbọ́dọ̀ tó -39 dBm ó kéré tán. Àfi kí ẹ gbé kọ̀ǹpútà sún mọ́ ráútà dáadáa. Ẹni tó wà ní yàrá kejì pẹ̀lú -52, tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń sáré bó ṣe yẹ, kò ní rí ọ̀pá mẹ́rin láéláé, kò sì sí ohun tó pàdánù.

Apá ìsàlẹ̀ ló burú jù. Ká ní ìgbì ti lọ sí -89, níbi tí nǹkan kan kò ti lè kọjá. Nínú àtòjọ, 19 ni, ọ̀pá kan. Lórí ìsopọ̀, 31 ni, ọ̀pá méjì. Ọ̀pá méjì yẹn ló ń ṣini lọ́nà jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo máa kọ sínú orí yìí, nítorí ó ń fi ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ lọ́kàn balẹ̀. Bí ọ̀pá yín bá jẹ́ méjì tí ojú-ewé kò sì ṣí, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bá ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà fún yín jà. Ó lè jẹ́ pé ìgbì ti kú tipẹ́.

Ẹ tún wo iwconfig, àṣẹ àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ ìwé ṣì ń júwe. Ó jẹ́ ti Wireless Extensions, ètò tí Jean Tourrilhes bẹ̀rẹ̀ nínú àwọn ọdún 1990. Ohun tó ń kọ ni Link Quality, èyí tí kernel ń ṣírò lórí 70: -40 ni 70, -110 ni 0. Ní -58 dBm, iwconfig á kọ 52/70, èyí tó jẹ́ 74%. Àtòjọ NetworkManager á pe ìgbì kan náà ní 70%. Lẹ́yìn tí ẹ bá wọlé, á di 62%. Nọ́ńbà mẹ́ta fún ìgbì kan ṣoṣo, -58 sì ni òótọ́ nínú gbogbo rẹ̀. Láti 2007 ni cfg80211 ti wọ inú kernel láti rọ́pò Wireless Extensions, àwọn káàdì Wi-Fi 7 kì í sì í dá iwconfig lóhùn mọ́ lórí kernel ìsinsìnyí. Àṣẹ iw ni kí ẹ máa lò.

Lójú tèmi, kò yẹ kí sọ́fítíwíà kan ní ìwọ̀n méjì fún ohun kan ṣoṣo, kí ó sì fi àbájáde méjèèjì hàn nínú àpótí kan náà láìsọ fún ẹni tó ń wò ó. Àmọ́ bó ṣe wà nìyẹn, ẹni tó bá sì ti mọ̀ ọ́n kò ní tàn án jẹ mọ́.

Ìwádìí fúnra rẹ̀

Ẹ ṣí Terminal. Ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ tí Linux fún káàdì yín:

iw dev

Á jẹ́ wlan0 tàbí nǹkan bíi wlp2s0. wlp2s0 ni màá máa lò níbí. Ẹ fi ti yín rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà:

iw dev wlp2s0 link

Ẹ wo ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú signal. Nọ́ńbà dBm tó wà níbẹ̀ ni ohun tí driver sọ fún kernel, kò tíì sí ẹni tó ṣe ìṣirò kankan sí i. Láàárín ìṣẹ́jú kan náà, ẹ ṣe èyí:

nmcli -f IN-USE,BSSID,SSID,CHAN,SIGNAL,BARS device wifi list --rescan yes

Ìlà tó ní ìràwọ̀ níwájú ni ráútà tí ẹ wà lórí rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà SIGNAL rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé mouse sórí applet, kí ẹ kọ ìdá tó fi hàn sílẹ̀ pẹ̀lú. Nọ́ńbà mẹ́ta ti wà lọ́wọ́ yín báyìí. Ẹ fi 120 kún ti iw. Bó bá súnmọ́ ohun tí nmcli àti applet sọ, kò sí ẹni tó ṣìnà. Bí ọ̀pá ṣe rí ni ìṣirò ní kó rí. Ẹ má retí kó bára mu géérégé. Ìgbì máa ń fi dBm mélòó kan lọ sókè sódò bí ẹ bá kàn jókòó jẹ́ẹ́, pàápàá bí èèyàn bá ń kọjá láàárín ẹ̀yin àti ráútà.

Bí iw àti nmcli bá ṣe déédéé, tí applet nìkan sì yàtọ̀, applet lẹjọ́. Ó lè ti dúró sójú kan lẹ́yìn tí ẹ pa kọ̀ǹpútà dé tí ẹ tún ṣí i. Lórí Xfce tàbí MATE, ẹ pa á kí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀:

killall nm-applet
nm-applet &

Bí ìdá tí applet kọ bá tọ̀nà ṣùgbọ́n tí àwòrán ọ̀pá kò bá a mu, theme ni kí ẹ wò. Àwòrán márùn-ún ni nm-applet ń wá nínú theme, láti nm-signal-00 dé nm-signal-100, àwọn theme kan kò sì yà wọ́n dáadáa. Mẹ́ta àti mẹ́rin lè jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ lórí panel tó tín-ín-rín. Ẹ yí theme padà fún ìṣẹ́jú kan, ẹ máa mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Bí nọ́ńbà iw bá jìnnà sí ohun tí nmcli tàbí àtòjọ applet ń sọ, ẹ wo BSSID, àdírẹ́sì tí rédíò ráútà kọ̀ọ̀kan ń lò, kí ẹ tó dá NetworkManager lẹ́bi. Ní ọ́fíìsì, ní yunifásítì, ní ilé tí ráútà ju ẹyọ kan lọ, orúkọ kan náà lè wà lórí ráútà mẹ́ta. Ráútà kan ṣoṣo tó ní 2.4 GHz àti 5 GHz pàápàá ń jáde nígbà méjì. nm-applet máa ń kó gbogbo wọn pọ̀ sí ìlà kan nínú àtòjọ rẹ̀, agbára èyí tó lágbára jù nínú wọn ló sì ń fi hàn. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà yín lè wà lórí èyí tó jìnnà. Èyí wọ́pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó gbé kọ̀ǹpútà láti yàrá kan dé òmíràn: ráútà ìṣáájú ṣì ń dì í mú. Ẹ jáde kúrò lórí nẹ́tíwọ̀kì náà, ẹ tún wọlé, á yan èyí tó súnmọ́. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ BSSID nínú rẹ̀, ẹ tún NetworkManager bẹ̀rẹ̀:

sudo systemctl restart NetworkManager

Ìsopọ̀ yín á já fún ìgbà díẹ̀, á sì padà. Ẹ rántí pẹ̀lú pé àtòjọ kì í ṣe ohun ìṣẹ́jú yìí. NetworkManager kì í wá àyíká kiri ní gbogbo ìgbà, nítorí ó ń jẹ bátìrì. Bí nǹkan bá ti fara balẹ̀, ó lè tó ìṣẹ́jú méjì kó tó tún wá a. Ráútà tí aládùúgbò yín ti pa lè ṣì wà nínú àtòjọ pẹ̀lú gbogbo ọ̀pá rẹ̀.

Nígbà tó bá jẹ́ driver ló ń sọ ohun tí kò rí

Ìlànà 802.11 tí Wi-Fi dá lé, tó jáde ní 1997, kò fipá mú ẹnikẹ́ni láti wọn agbára ìgbì bó ṣe yẹ. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní RSSI ló dárúkọ, láti 0 dé 255, ó sì fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ṣe káàdì láti pinnu ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún. Kernel Linux pàápàá fàyè gba driver méjì: èyí tó lè sọ dBm, àti èyí tó kàn lè sọ pé ó wà ní ibi báyìí lórí ìwọ̀n tí òun fúnra rẹ̀ yàn. Ẹ̀rí ọkàn ẹni tó kọ driver ló kù.

Ọ̀nà tí ẹ lè gbà mú driver tó ń purọ́ ni pé kí ẹ rìn. Ẹ ṣe àṣẹ yìí:

watch -n 1 iw dev wlp2s0 link

Nọ́ńbà á máa yí ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà ní bíi mítà kan. Ó yẹ kó wà láàárín -30 sí -45 tàbí nítòsí rẹ̀. Ẹ lọ sẹ́yìn ògiri kan. Ẹ lọ sẹ́yìn ògiri kejì, kí ẹ sì jáde sí àgbàlá. Nọ́ńbà gbọ́dọ̀ máa lọ sílẹ̀. Bó bá dúró sójú kan náà láti yàrá dé àgbàlá, bó bá jẹ́ pé nọ́ńbà kan tí kì í yí padà ló ń sọ nígbà gbogbo, tàbí bó bá fò láti -40 sí -85 láìjẹ́ pé ẹ mira, driver ni. Àwọn káàdì USB tí driver wọn kò sí nínú kernel, tí ẹni tó tà wọ́n ní kí ẹ lọ gbà láti ibòmíràn kí ẹ fọwọ́ ara yín kọ́ ọ, ni mo máa ń fura sí ṣáájú. Kò sí ohun tí applet lè ṣe sí èyí. Kernel tuntun lè ní driver tó dára jù fún káàdì yẹn. Àṣẹ uname -r á sọ èyí tí ẹ ní, lspci -k á sì sọ driver tó ń ṣiṣẹ́ fún káàdì tó wà nínú kọ̀ǹpútà.

Ìgbà mìíràn wà tí nọ́ńbà tòótọ́ ni, tó sì burú lóòótọ́. Bí ẹ bá wà ní mítà kan sí ráútà tí iw ń sọ -75, tí nọ́ńbà sì ń lọ sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń rìn, káàdì kò gbọ́ràn dáadáa. Áńtẹ́nà ni kí ẹ wò. Àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tó ń lo driver rtl8723be ní ihò áńtẹ́nà méjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n so wáyà mọ́, driver sì lè máa tẹ́tí sí èyí tí kò ní wáyà. Ẹ kọ ìlà yìí sínú fáìlì kan ní /etc/modprobe.d/, kí orúkọ fáìlì náà parí sí .conf:

options rtl8723be ant_sel=2

Ẹ tún kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí kò bá yí padà, ẹ fi 1 dípò 2. Nínú gbogbo àtúnṣe tó wà nínú orí yìí, òun ló máa ń mú ìyàtọ̀ tó tóbi jù wá fún ẹni tó kàn, kò sì ná a ní kọ́bọ̀.

Ọ̀pá kún, nǹkan kò lọ

Èyí ni ẹ̀sùn tí mo ń gbọ́ jù láàárín wa, ó sì yẹ ká sọ ọ́ gbangba. Ọ̀pá orí kọ̀ǹpútà yín ń wọn ọ̀nà láti kọ̀ǹpútà dé ráútà nìkan. Bí ẹ bá ń lo MiFi tàbí hotspot fóònù, tí ẹ gbé e sórí tábìlì kan náà, ọ̀pá á kún, kò sí bí kò ṣe ní kún. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì wà, láti MiFi dé òpó ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì, èyí tó lè jìnnà sí ilé yín gan-an. Kọ̀ǹpútà kò rí ọ̀nà kejì yẹn rárá. Ojú MiFi tàbí ojú fóònù ni kí ẹ wò fún un. Kàkà kí MiFi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ gbé e sójú fèrèsé tó kọjú sí ìta. Ọ̀pá orí kọ̀ǹpútà lè dín sí mẹ́ta, kí íntánẹ́ẹ̀tì sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ẹni tó bá ń wo ọ̀pá nìkan á rò pé òun ti ba nǹkan jẹ́, á sì dá a padà sórí tábìlì.

Kí ẹ lè mọ ọ̀nà tó bàjẹ́ nínú méjèèjì, ẹ lo ip route láti rí àdírẹ́sì ráútà. Òun ló tẹ̀lé default via. Ká ní 192.168.0.1 ni:

ping -c 50 192.168.0.1

Bí gbogbo rẹ̀ bá padà kíákíá láìsí èyí tó sọnù, Wi-Fi yín dára, lẹ́yìn ráútà ni ìṣòro wà, nmcli networking connectivity á sì lè jẹ́rìí sí i. Bí púpọ̀ bá sọnù nígbà tí dBm wà ní -50, ariwo ni. Èyí wọ́pọ̀ ní àwọn ilé oníyàrá púpọ̀ ní Mushin tàbí Agége, níbi tí yàrá kọ̀ọ̀kan ti ní ráútà tàbí hotspot tirẹ̀, tí gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lórí 2.4 GHz lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí 2.4 GHz, chánẹ́ẹ̀lì mẹ́ta péré ni kì í gun ara wọn: 1, 6 àti 11. Ìlà CHAN nínú nmcli á fi ibi tí èrò pọ̀ sí hàn yín. Bí ráútà yín bá ní 5 GHz, ẹ bọ́ sórí rẹ̀. Ọ̀pá á dín, nítorí 5 GHz kì í la ògiri búlọ́ọ̀kù kọjá bíi 2.4, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yín á lọ.

Ẹ̀rí kan tún wà tó lágbára ju ọ̀pá lọ:

iw dev wlp2s0 station dump

Ẹ wo tx retries àti tx failed. Ìṣáájú ń ka iye ìgbà tí kọ̀ǹpútà yín ní láti tún ọ̀rọ̀ sọ kí ráútà tó gbọ́. Èkejì ń ka èyí tó sọ títí tí kò gbọ́ rárá. Bí wọ́n bá ń gun òkè kíákíá nígbà tí ọ̀pá kún, ẹ gba nọ́ńbà wọ̀nyí gbọ́, ẹ má gba ọ̀pá gbọ́. Bí ìsopọ̀ bá sì kàn máa ń lọ́ra lẹ́yìn tí ẹ bá fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ wo ìpamọ́ iná. Ẹ pa á fún ìdánwò:

sudo iw dev wlp2s0 set power_save off

Bó bá ṣiṣẹ́, ẹ kọ wifi.powersave = 2 sábẹ́ [connection] nínú fáìlì kan ní /etc/NetworkManager/conf.d/, kó lè dúró pẹ́. Bátìrì á tètè tán díẹ̀.

Bí ẹ bá ti wádìí dé ìdí, tí applet tàbí NetworkManager sì jẹ̀bi lóòótọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tó àwọn tó ń kọ wọ́n létí. GitLab ti GNOME ni wọ́n ti ń gba ẹjọ́ nm-applet, GitLab ti freedesktop.org sì ni ti NetworkManager. Ẹ kọ orúkọ káàdì, driver, ẹ̀dà kernel àti ẹ̀dà NetworkManager, kí ẹ lẹ àbájáde iw àti nmcli tí ẹ mú ní ìṣẹ́jú kan náà mọ́ ọn. Ẹ yọ orúkọ nẹ́tíwọ̀kì yín àti BSSID kúrò kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ẹni tó ń gbé ibi tí iná àti nẹ́tíwọ̀kì ti ṣòro ń rí àléébù tí ẹni tó jókòó ti ráútà tó dára kò ní rí láéláé, ẹjọ́ tó bá sì ní nọ́ńbà méjèèjì nínú ni wọ́n lè ṣe àtúnṣe sí.